Forfaiture: ìtumọ̀ rẹ̀, ìlò rẹ̀, àti bí a ṣe lè pè é ní Yorùbá

1. Ìfáárà

Abala 65 nínú Òfin-Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí a kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ogun tàbí òṣìṣẹ́ aláàbò tó bá gbìyànjú láti dojú ìjọba tí òfin gbé kalẹ̀ bolẹ̀. Orúkọ méjì ni abala náà fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Orúkọ kejì kò ṣòro láti túmọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sí orílẹ̀-èdè àti sí ìjọba ni. Orúkọ kìíní ni wàhálà wà nínú rẹ̀. Òun ni forfaiture.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀dọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ó tan mọ́ forfait, ìyẹn owó íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń rà sórí fóònù. Àgbà tó mọ èdè Faransé dáadáa pàápàá lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni, kó má sì lè sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára olè, rìbá tàbí ọ̀tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Dàhòmì ní 1963, ní 1965, ní 1967, ní 1969 àti ní 1972. Ìrírí yẹn wà lẹ́yìn abala 65.

Òfin-Ìpìlẹ̀ kan náà sọ ní abala 40 pé ó di dandan fún ìjọba láti tan ìmọ̀ òfin náà ká, àti láti fi àwọn èdè ilẹ̀ wa kọ́ àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ wọn, pàápàá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá jókòó sídìí rédíò ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, ó yẹ kó gbọ́ abala 65 ní Yorùbá, kó sì yé e. Ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn náà kàn sì gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Bí ògbufọ̀ bá pè é ní olè, ó ti purọ́ mọ́ ọn. Bó bá pè é ní ìwà tí kò dára, ó ti sọ ẹ̀sùn ńlá di ọ̀rọ̀ ìbáwí lásán.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. A ó kọ́kọ́ wo orísun forfaiture àti ohun tí òfin ń fi í pè. Lẹ́yìn èyí, a ó wo àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sún mọ́ ọn àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kù sí. Ní ìparí, a ó dá àbá ọ̀rọ̀ kan, a ó sì dán an wò.

2. Orísun ọ̀rọ̀ náà

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé àtijọ́ kan, forfaire, ni forfaiture ti jáde. Mọ́fíìmù méjì ló wà nínú forfaire. Ti ìbẹ̀rẹ̀ wá láti inú foris ti èdè Látìnì, tó túmọ̀ sí "òde, ìta". Ti ìparí wá láti inú facere, tó túmọ̀ sí "ṣe". Bí a bá tú u palẹ̀, "ṣe nǹkan ní ìta" ni: kí ènìyàn hùwà ní ìta ààlà tí a pa fún un. Yorùbá náà mọ irú èrò yìí. À ń sọ pé ẹnì kan "kọjá àyè rẹ̀" tàbí pé ó "rékọjá ààlà".

Ní àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé, olúwa kan a fún ẹni abẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀, ẹni abẹ́ náà a sì búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí i. Bí ẹni yìí bá ṣe ohun tó lòdì sí ìbúra náà, forfaiture ló ṣe, ilẹ̀ yẹn sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ojú méjì: ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀, àti ohun tí a pàdánù nítorí rẹ̀.

Ojú méjì yìí ni èdè méjì pín láàárín ara wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Faransé, ó sọ ọ́ di forfeiture, ó sì di ìpàdánù mú ṣinṣin. Ní ilé-ẹjọ́ tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì lónìí, forfeiture ni kí ìjọba gba dúkìá lọ́wọ́ ẹni tó rú òfin. Faransé ní tirẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ náà mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń gbé lẹ́bàá ààlà. Àwọn Yorùbá Kétu ń gbọ́ rédíò Nàìjíríà, àwọn tó ń ka ìròyìn níbẹ̀ sì máa ń sọ pé ìjọba "gbẹ́sẹ̀ lé" dúkìá ẹnì kan. Ìtumọ̀ tó bá forfeiture mu nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí akọ̀ròyìn kan ní ìhà tiwa bá rí forfaiture nínú ìwé Faransé, tí ó sì gbé "ìgbẹ́sẹ̀lé dúkìá" lé e lórí, ó ti ṣìnà pátápátá. Ojú ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, inú wọn kò jọra.

3. Ohun tí òfin pè ní forfaiture

Inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní ọdún 1810 ni ìtumọ̀ tó ṣe kedere jù lọ wà. Àṣẹ ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1877 ló gbé ìwé òfin yìí wọ Senegal àti àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ti ibẹ̀ ṣàkóso. Nígbà tó yá, ó dé Dàhòmì. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn aráàlú Faransé ti wà. Àṣẹ ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1946 ló fi òpin sí ìdájọ́ ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún wọn lórí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn. Lẹ́yìn òmìnira, Bẹ̀nẹ̀ ń lo ìwé òfin àtijọ́ náà títí di ìgbà tí òfin nọ́ńbà 2018-16 ti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2018 fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wò ó pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lórí ilẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu díẹ̀ ló ń pè é.

Abala 166 sí 168 nínú ìwé òfin ti 1810 ló pààlà fún forfaiture. Bí a bá tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pé:

(a) Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tí ipò ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

(b) Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nídìí iṣẹ́ ipò náà ló ti ṣe é. Bí ọ̀gá aṣọ́bodè bá bá aládùúgbò rẹ̀ jà nílé, tó sì ṣe é léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe forfaiture.

(d) Ohun tó ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú ìsọ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni òfin Faransé pín ẹ̀ṣẹ̀ sí: kékeré, àárín àti ńlá. Abala 168 sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ṣẹ̀ ti àárín kò lè sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni tó ṣe forfaiture.

(e) Bí òfin kò bá ti dárúkọ ìjìyà tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjìyà rẹ̀ ni pé kí a gba iyì ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹni náà.

Ìjìyà ìkẹyìn yìí, tí Faransé ń pè ní dégradation civique, yẹ fún àkíyèsí. Abala 34 ìwé òfin náà to ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kàn yóò kúrò nípò ìjọba, kò ní lè dìbò, a kò sì ní lè dìbò fún un. Kò ní lè lo àmì ẹ̀yẹ. Kò ní lè ṣe ẹlẹ́rìí tó ń búra ní ilé-ẹjọ́. Kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ ogun, kò gbọdọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọ́ni. Èrò tó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tó da ìgbẹ́kẹ̀lé ìlú kò yẹ ní ẹni tí ìlú tún lè gbẹ́kẹ̀ lé fún ohunkóhun.

Ìwé òfin náà tún dárúkọ àwọn ìwà pàtó kan. Adájọ́ tó bá dá ẹjọ́ nítorí ojúsàájú sí ẹnì kan, tàbí nítorí ọ̀tá tó ń bá ẹnì kan ṣe, jẹ̀bi forfaiture. Bákan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gbìmọ̀ pọ̀ láti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tàbí iṣẹ́ ìlú mìíràn lè dúró. Kò sí owó nínú àpẹẹrẹ méjèèjì yìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé ìwà àìtọ́ nípò ìjọba kò lè ju jíjẹ owó lọ. Ìwé òfin ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ti owó. Concussion, fún àpẹẹrẹ, ni kí òṣìṣẹ́ gba owó orí tàbí owó bodè ju iye tó yẹ lọ, nígbà tó mọ̀ pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀.

4. Ìlò rẹ̀ lẹ́nu òṣèlú

Bí ọ̀rọ̀ òfin kan bá wúwo, tí ilé-ẹjọ́ kì í sì í sábà lò ó, àwọn òṣèlú a máa yá a lò. Èyí tó lókìkí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1962. Gaston Monnerville, amòfin tí a bí ní Cayenne, tó wá láti ìdílé àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, ni ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Ọ̀gágun de Gaulle fẹ́ kí àwọn ará ìlú fi ìbò yí ọ̀nà tí a ń gbà yan ààrẹ padà, láìgba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin kọjá. Olórí ìjọba rẹ̀, Georges Pompidou, bá a fọwọ́ sí i. Níbi àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní ìlú Vichy, Monnerville lo ọ̀rọ̀ forfaiture fún ohun tí Pompidou ṣe.

Kò sí ẹni tí a gbé lọ sílé-ẹjọ́ lórí rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn da àárín de Gaulle àti Monnerville rú, kò sì tún ṣe mọ́. Ohun tó yẹ kí onímọ̀ èdè rí níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti ṣí kúrò díẹ̀. Nínú òfin, ohun mẹ́rin ni a kà lókè. Lẹ́nu Monnerville, (a) àti (b) wà digbí: ẹni tó wà nípò, tó sì lo ipò náà. Ṣùgbọ́n (d) àti (e) ti lọ sẹ́yìn, ẹ̀sùn àìṣòótọ́ sí òfin-ìpìlẹ̀ ló bọ́ síwájú. Ìlò méjì ló wá wà fún un: ìlò adájọ́ àti ìlò òṣèlú. Ìwé òfin tuntun ilẹ̀ Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1994, kò lo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, ìlò òṣèlú nìkan ló kù. Ní Bẹ̀nẹ̀, ó ṣì wà nínú òfin tó ga jù lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín ti gbé sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, àwa la ó sì wá ìtumọ̀ fún un.

5. Forfait mẹ́ta, forfaiture kan

Kí a tó dé orí Yorùbá, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ forfait. Forfait mẹ́ta ló wà nínú èdè Faransé, orísun wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Èkínní túmọ̀ sí ìwà ọ̀daràn ńlá. Inú forfaire ló ti jáde, ọmọ ìyá forfaiture ni. Èkejì ni iye owó tí a fi ẹnu kò lé lórí ṣáájú, tí kò ní í yí padà. Inú fur, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí iye owó ọjà, àti fait, "ṣíṣe", ni ó ti wá; nítorí pé ó dún bíi ti èkínní, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bíi tirẹ̀. Òun ni forfait ti fóònù. Ẹ̀kẹta ni ti eléré ìdárayá: ẹgbẹ́ tí kò yọjú sórí pápá pàdánù nípa forfait. Èyí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di forfeit níbẹ̀, kí Faransé tó tún gbà á padà fún eré ẹṣin.

Ẹni tó ra forfait sórí fóònù kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú forfaiture nígbà náà. Àpẹẹrẹ dáadáa ni fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìró ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà nílẹ̀

Ọ̀nà kìíní tó wà fún ògbufọ̀ ni kó yá ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Ìró rẹ̀ kò bá ahọ́n wa lọ: fáwẹ́lì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ kò sí nínú Yorùbá, ahọ́n á sì sọ ọ́ di i tàbí u, kọ́ńsónáǹtì tó parí rẹ̀ náà kò lè dúró níparí ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. A ti yá èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro náà ni pé ọ̀rọ̀ àyálò máa ń rọrùn bí ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà bá ṣeé fojú rí. Forfaiture kì í ṣe ohun tí a lè nàka sí. Ẹni tó gbọ́ orúkọ náà kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀nà kejì ni kó lo ọ̀rọ̀ tó ti wà. A ó gbé mẹ́rin yẹ̀ wò.

Ìwà ìbàjẹ́. Ó gbòòrò jù. Ọmọdé lè hu ìwà ìbàjẹ́, ẹni tí kò nípò lè hù ú. Lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti owó nìkan. Kò ní (a), kò ní (b).

Àṣemáṣe. Bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ dára púpọ̀: ohun tí a ṣe, tí kò yẹ ní ṣíṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá forfaire dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìlò ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Bí a bá sọ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ṣe àṣemáṣe, gbogbo wa mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó ti ní irú ìtumọ̀ yìí lọ́kàn àwọn ènìyàn kò yẹ fún ẹ̀sùn tí a fi kan ọ̀gágun.

Àṣìlò agbára, tàbí ìlòkulò ipò. Ó ní (a) àti (b), ó sì yé ènìyàn. Ibi tó kù sí ni ìwúwo. Ọ̀gá tó ń fi ọkọ̀ ìjọba gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà ń ṣi agbára lò. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe èyí àti ìdìtẹ̀gbàjọba, a ti ba òṣùwọ̀n jẹ́.

Ọ̀tẹ̀. Ó wúwo, ó sì bá apá kan nínú abala 65 mu. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè dìtẹ̀: àgbẹ̀, oníṣòwò, àlejò. Ohun tí abala 65 ń tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí ìlú gbé ìbọn lé lọ́wọ́ láti dáàbò bò ó ló yí ìbọn náà padà sí i. Ọ̀tẹ̀ kò sọ èyí. Yàtọ̀ sí i, adájọ́ tó fi ojúsàájú dájọ́ kò dìtẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ó ṣe forfaiture lábẹ́ òfin 1810.

7. Mulẹ̀ àti dalẹ̀

Ọ̀rọ̀ karùn-ún wà tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀: dalẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe dà àti ọ̀rọ̀-orúkọ ilẹ̀ ló para pọ̀ di í. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, dà di olóhùn àárín níwájú àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ́lì ilẹ̀ sì jẹ́ pípajẹ. Bí àbọ̀ náà bá ṣáájú, ohùn ìsàlẹ̀ a padà: ilẹ̀ dídà.

Ẹnìkejì dalẹ̀ ni mulẹ̀. Àwọn tó bá jọ mu omi lórí ilẹ̀ ti dá májẹ̀mú, wọ́n ti di ìmùlẹ̀ ara wọn, Ilẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ ńlá tí àwọn Ògbóni fi mú Ilẹ̀ kò ṣẹ̀yìn èrò yìí. Nítorí náà, kò sí ìdalẹ̀ níbi tí kò ti sí ìmùlẹ̀. Àlejò tó wọ ìlú lánàá lè jalè, ó lè dìtẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ó dalẹ̀, nítorí kò bá ẹnì kankan mulẹ̀. Ìjìyà sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀wá, gẹ́gẹ́ bí òwe ti sọ: ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé forfaiture àtijọ́. Ìbúra wà níbẹ̀, ìmùlẹ̀ wà níhìn-ín. Ilẹ̀ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ìjọra náà tàn wá. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé àtijọ́, ilẹ̀ ni ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ pàdánù. Lọ́dọ̀ wa, Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó ń bi ẹlẹ́ṣẹ̀ léèrè. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí a dà.

Ṣé kí a kúkú pe forfaiture ní ìdàlẹ̀, kó tán? Ìdí méjì ni kò fi ní í tó. Ìkíní ni pé ọ̀rẹ́ lè dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ọkọ lè dalẹ̀ ìyàwó. Kò sí ipò ìlú níbẹ̀. Èkejì ni pé a nílò ìdàlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn. Abala 74 Òfin-Ìpìlẹ̀ sọ ohun tí haute trahison jẹ́ fún ààrẹ: kó da ìbúra rẹ̀, kó lọ́wọ́ nínú ìtẹ̀lóríba tó burú jáì fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kó yọ̀ǹda apá kan ilẹ̀ orílẹ̀-èdè, tàbí kó ba àyíká jẹ́. "Ìdàlẹ̀ orílẹ̀-èdè" ló bá èyí mu. Bí a bá fi orúkọ kan náà pe forfaiture, ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín abala méjèèjì.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kí a kúkú pè é ní "ìdàlẹ̀ ipò". Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Òjó dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.
(2) Olóyè náà dalẹ̀ ìlú.
(3) ?Olóyè náà dalẹ̀ ipò rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé dalẹ̀ nínú (1) àti (2) ni ẹni tí a bá mulẹ̀: ọ̀rẹ́, tàbí àwọn ará ìlú. Gbólóhùn (3) kò dán lẹ́nu, nítorí ènìyàn kì í bá ipò mulẹ̀. Ipò kọ́ ni a dà. Ipò ni ohun èlò tí a fi dalẹ̀ ẹlòmíràn.

8. Àbá: ìfipòdalẹ̀

Yorùbá ní ọ̀nà tó mọ́ láti sọ ohun èlò, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe fi:

(4) fi + ipò + dà + ilẹ̀ → fipò dalẹ̀
(5) ì- + fipò dalẹ̀ → ìfipòdalẹ̀
(6) a- + fipò dalẹ̀ → afipòdalẹ̀
(7) Ọ̀gágun náà fipò dalẹ̀ ìlú.

Kì í ṣe ìṣẹ̀dá àjèjì. Òfin àti ìwé ìròyìn ti ní ìfipábánilòpọ̀ lọ́wọ́, tí a ṣẹ̀dá lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́: fi, ohun èlò (ipá), àti àpólà ìṣe. Ẹni tó ṣe é ni afipábánilòpọ̀. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí kò yé.

Nípa ohùn: ọ̀pọ̀ ìwé kọ ọ̀dàlẹ̀ àti ìdàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ lórí dà. Nítorí pé inú àpólà ìṣe fipò dalẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá ìfipòdalẹ̀ tààrà, a tẹ̀lé ohùn àárín tó wà nínú àpólà náà. Ẹni tó bá sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ kò ba ìtumọ̀ jẹ́.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Nínú òṣèlú, a ti ń fi ọ̀dàlẹ̀ bú ènìyàn lójoojúmọ́. Ẹni tó kúrò nínú ẹgbẹ́ wa bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn ti di ọ̀dàlẹ̀ lẹ́nu wa. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ èébú ka ẹ̀sùn nílé-ẹjọ́, èébú yóò dà bí ẹ̀sùn, ẹ̀sùn yóò sì dà bí èébú. Ìfipòdalẹ̀ ya àwọn méjèèjì nípá: a lè bú ẹnikẹ́ni ní ọ̀dàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnì kan ní afipòdalẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ipò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó fi ipò náà ṣe.

9. Ìdánwò àti àtakò

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ọmọ ogun tó gbìyànjú láti gba ìjọba: ipò rẹ̀ ni ọmọ ogun, ìbọn ìlú ló fi ṣe é, ìlú ló dalẹ̀. Ó bá a mu. Adájọ́ tó fi ọ̀tá dájọ́: ó bá a mu. Pompidou lójú Monnerville: ó bá a mu, yálà a gbà pé Monnerville jàre tàbí a kò gbà. Àwọn oníṣòwò tó ná owó fún ìdìtẹ̀: kò bá wọn mu, nítorí wọn kò ní ipò, ọ̀tẹ̀ ni tiwọn. Ọ̀gá aṣọ́bodè tó bá aládùúgbò rẹ̀ jà: kò bá a mu, nítorí kò fi ipò ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ni (d) àti (e). Kò sọ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní ìsọ̀rí tó ga jù lọ, kò sì sọ ìjìyà rẹ̀. Ìwúwo dalẹ̀ ṣèrànwọ́ fún (d), nítorí a kì í pe àṣìṣe kékeré ní ìdàlẹ̀. Ní ti (e), Yorùbá ní "rọ̀ lóyè", èyí tó sún mọ́ dégradation civique nítòsí. Ẹni tí a rọ̀ lóyè pàdánù ipò àti iyì pọ̀. Ṣùgbọ́n forfaiture lédè Faransé pàápàá kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ (d) àti (e). Òfin ló sọ ọ́ fún un.

Àtakò kan lè wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó bá wò ó pé Ilẹ̀ tó wà nínú dalẹ̀ ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni, pé kò yẹ nínú òfin orílẹ̀-èdè tí gbogbo ẹlẹ́sìn jọ ni. Ìdáhùn wa ni pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tó ń sọ Yorùbá ń lo ọ̀rọ̀ náà láìbẹ̀rù. Òfin Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì sá fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìbúra ààrẹ ní abala 53 dárúkọ Ọlọ́run, ó sì dárúkọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, nígbà tí Mathieu Kérékou búra, ó fo ibi tí a ti dárúkọ àwọn baba ńlá. Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ sọ pé ìbúra náà kò bá òfin mu, ó sì di dandan kó tún un bú. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú ìbúra wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò ní í rí dalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àjèjì.

10. Ìparí

Forfaiture ni ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ẹni tó wà nípò ìlú fi ipò náà ṣẹ̀. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀tẹ̀ lásán, kì í sì í ṣe ìgbẹ́sẹ̀lé dúkìá. A dá a lábàá pé kí a máa pè é ní ìfipòdalẹ̀, kí a sì fi ìdàlẹ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún haute trahison.

Orúkọ nìkan kò tó. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ka ìròyìn tàbí ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ bá lò ó, kó fi gbólóhùn kan tẹ̀ ẹ́ nídìí, irú èyí: "Ìfipòdalẹ̀ ni pé kí ẹni tí ìlú fi sípò lo ipò náà láti ṣẹ ìlú ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí òfin dárúkọ." Bí èyí bá di àṣà, orúkọ náà yóò lè dá dúró nígbà tó bá yá. A rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí wọn kò gbọ́ Faransé, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí afipòdalẹ̀ ṣe. Bí àwọn àgbà bá dáhùn pé ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé ló fi ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́ lù wá, àbá náà ti yege. Bí wọ́n bá dáhùn ohun mìíràn, kí a tún padà sídìí iṣẹ́.